Èèkàn Mẹ́ta Tí Mo Ṣí Kúrò Lórí Òkúta Oko Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga abúlé wa sórí ilẹ̀ mi, ẹni tí mo ṣẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ mu omi rẹ̀. Ọmọ mi ní ẹ máa ń tètè dáhùn lójú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà. Àwọn tó ń wá yuréníọ̀mù, ohun tí wọ́n ń yọ nínú òkúta láti fi ṣe iná mànàmáná, ló wá síbẹ̀ nígbà náà. Èmi ni mo mú wọn rin oko. Ọmọbìnrin kan ló ṣáájú wọn, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wá a, tó ń ké tá-tá, dání. Nígbà tó dé ibi òkúta funfun tó wà lóko mi, ẹ̀rọ náà ké bí àgbàdo tó ń ta nínú iná.

Mo sá. Kí n má purọ́, mo sá débi pé bàtà mi kan kù síbẹ̀.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ padà wá mú bàtà yín. Òkúta kì í lé èèyàn."

Ó ní nígbà tí òkúta ilẹ̀ wa ṣì gbóná tó ń ṣàn bí ẹ̀kọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ dì, èyí tó ṣẹ́kù wá wọ inú ibi tó sán, ó di ìlà funfun tó ń dán yìí. Inú irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ ni yuréníọ̀mù máa ń kó sí. Ó ní tibí kéré, ó lè má tó nǹkan, wọ́n á kàn gbẹ́ ẹ wò. "Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ kànga síbí o, àfi tí wọ́n bá yẹ omi rẹ̀ wò. Tó bá wọ omi, ó lè ṣe ẹni tó ń mu ún ní jàǹbá." Ó kan èèkàn mẹ́ta tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa mọ́lẹ̀, wọ́n lọ.

Ogún ọdún ni mo ti ń jókòó sórí òkúta yẹn jẹun ọ̀sán. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fọwọ́ kan ìdí mi wò bóyá ó gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilẹ̀ ló pọ̀ jù: mo ní ìjọba á gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fa èèkàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tu, mo kọjá pèrègún tí bàbá wa àgbà fi pààlà, mo kàn wọ́n mọ́ oko Ẹ̀gbọ́n Mùfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá gbẹ́lẹ̀ kò mú ẹ̀rọ dání. Èèkàn ni wọ́n wò. Wọ́n hú igi obì Ẹ̀gbọ́n méje, wọ́n kó òkúta lọ, wọn ò padà wá mọ́. Láti ìgbà náà ni gbogbo abúlé ti ń sá fún ilẹ̀ náà.

Ẹ wá gbọ́ oore tí ọkùnrin yìí ṣe mí. Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi, òun ló wá mọ́tò, òun ló sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi títí mo fi dìde. Nígbà tí mo délé, ó ti bá mi ro oko. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, ojo. Nígbà tí o rí abẹ́rẹ́, gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbóhùn ẹ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹkún ló wà nínú mi.

Lóṣù yìí, abúlé fẹ́ kànga. Wọ́n ní ilẹ̀ Ẹ̀gbọ́n kò dáa, tèmi ló mọ́. Ibi tí wọ́n sàmì sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí òkúta funfun. Àgbà agboolé ló máa ń kọ́kọ́ mu omi kànga tuntun lọ́dọ̀ wa, Ẹ̀gbọ́n sì ni àgbà. Nígbà tí mo ní n kò ní fún wọn nílẹ̀, tí n kò lè sọ ìdí, wọ́n pè mí ní ahun. Ta ló gbèjà mi? Ẹ̀gbọ́n náà ni: "Ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀. Èmi fúnra mi á lọ bẹ̀ ẹ́."

Ẹ gbọ́ o, èmi ni Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀!

N kò ní dúró dè é. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọ̀la ni mo máa lọ bá a. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ ni àbí ẹ̀bẹ̀? Bí mo bá kọ́kọ́ dúpẹ́, á ní kí n jókòó, á ní kí ìyàwó òun bu oúnjẹ wá, n kò sì ní lè sọ ìyókù. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ ìyókù, n kò mọ̀ bóyá á tún jẹ́ kí n dúpẹ́.