Tíì Tí Mo Fún Bàbá Yín Mu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹ pa fáànù yẹn, ohùn mi ò lè bá a jà mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi, ó ti ń rà, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Kì í ṣe dókítà ló pa bàbá yín. Èmi ni.

Òkúta inú òróòro ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún wọn. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ ni dókítà náà. Ó pe àwa méjèèjì jókòó lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ní kí bàbá yín má fi nǹkan kan kan ẹnu títí iṣẹ́ yóò fi parí, nítorí bí oorun abẹ́rẹ́ bá gbé èèyàn, oúnjẹ lè ti inú ikùn gòkè, kó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní, “Màmá, ẹ tún un sọ fún mi.” Mo tún un sọ bí ọmọ iléèwé.

Ilẹ̀ mọ́, ẹni tó ṣáájú wa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ò tètè jáde. Bàbá yín bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn: “Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o fẹ́ kí ebi pa mí kí ọ̀bẹ tó kàn mí ni?” Ẹ mọ̀ wọ́n, aláwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rọ tíì fún wọn láti inú fúláàsì, mo fi búrẹ́dì tì í. Mo pè é ní ìfẹ́, èmi aláìmọ̀kan yìí. Nígbà tó yá, dókítà dé, ó ní, “Màmá, ṣé wọ́n ti jẹ nǹkan kan láàárọ̀ yìí?” Bàbá yín wojú mi. Mo ní, “Rárá o, omi pàápàá ò kàn wọ́n lẹ́nu.” Bẹ́ẹ̀ ni bàbá yín ṣe wọlé. Wọn ò jáde láàyè.

Mo jẹ́wọ́ fún àbúrò wọn lórí àtẹ̀gùn ọsibítù. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ìyàwó ló pa ọkọ? Dókítà ni yóò dáhùn.” Mo gbà fún un.

Ní kọ́ọ̀tù, mo búra. Agbẹjọ́rò bi mí bóyá dókítà kìlọ̀ fún wa. Mo na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, “Kò sọ nǹkan kan. Ó ń kánjú ni.”  Dókítà kàn ń wò mí, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ mí. Adájọ́ dá a lẹ́bi, ó ní dandan ni kí dókítà la ewu yé aláìsàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa náà jẹ dókítà ní òótọ́, a ò san án. Dókítà ò fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ránṣẹ́ pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti hewú. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Màmá, èmi lè dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kú, ó gbà pé mo pa èèyàn. Ta ni yóò lọ sọ fún un?” Mo ránṣẹ́ pe agbẹjọ́rò pé kó wá kọ ẹ̀rí mi sílẹ̀.

Ó ti rẹ̀ mí. Bí dókítà kankan bá bi yín léèrè, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tìtorí ìtìjú purọ́. Ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Agbẹjọ́rò tó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ má bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.