Sùtánà Tó Padà Láti Amẹ́ríkà

Kò sí gist tó ń fo etí mi nínú bọ́ọ̀sì Woolwich sí Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, etí mi sharp ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Lánàá, Auntie kan gbé páálí lé ẹsẹ̀, ó ń bá Uncle tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

"Sùtánà tí mo rán fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Amẹ́ríkà rèé, wọ́n ti dá a padà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀ ní kí wọ́n sanwó tuntun lórí ẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò lè san án, iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn."

"Ẹ ní sùúrù, Amẹ́ríkà á tún padà bọ̀ sípò. Ìwọ̀n ara wọn lẹ kúkú fi gé e, ta ló tún fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Mo máa tú u, mo máa tún un gé. Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti ń gbàdúrà ni? Àwọn ará Dublin náà ń wọ sùtánà! Mi ò ní jókòó de Amẹ́ríkà."

Uncle bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pè é ní ilẹ̀ ìlérí!"

"Ìgbà tí wọ́n ń rajà nìyẹn."

Mi ò ní jókòó de Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ Auntie yẹn bá mi wí, èmi tí mo ti ń dúró láti ọdún tó kọjá kí cousin mi ní Houston wá mú mi! Interview iṣẹ́ tí mi ò fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ ní supermarket Thamesmead ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ń lọ.