Ọmọ Tó Ti Ń Sáré

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀kà láti Ìkàrẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu obìnrin kan tó ń bá ìyá àgbà tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

"Màmá, láti jẹ́lé-ó-sinmi lọmọbìnrin mi ti ń gba ipò kìíní. Nígbà tí ìdánwò àtiwọ yunifásítì dé, ẹ̀rù ṣáà bà mí. Àwọn òbí kan ń kó ọmọ wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń bá wọn ṣe é. Mo ní kí tèmi náà má bàa gbẹ́yìn, mo bá mú un lọ."

"Ọmọ tó mọ̀wé?"

"Òun náà, mà. Wọ́n ní kó káwọ́ gbera, àwọn á bá a tẹ ìdáhùn sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ti fagi lé ti gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀."

Ìyá àgbà mi orí. "Ọmọ tó ti ń sáré lo tún gbé pọ̀n."

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

"Kò bínú sí mi o, Màmá. Ó ṣì ń kàwé. Àmọ́ tí mo bá ti wọlé báyìí, ṣe ló máa ń pa ìwé dé."