Mo Jagun Nínú Ẹ̀rọ Tó Ń Ya Àwòrán Ọpọlọ

Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Jésù kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, n ò mọ ìgbà tí n máa dákẹ́! Ẹ̀yin òbí mi nínú Olúwa, ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Ìyá Tóbi tó ń dirun ní Billstedt nílùú wa níbí. Nígbà tí n ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù méje, ọkọ mi sọ fún yín pé mo lọ sí Nàìjíríà. Irọ́ ni. Èmi ni mo ní kó pa á. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà nílé wa ní Jenfeld, tí mò ń wo ògiri. Dókítà ní depression ni. N ò lè sunkún, n ò lè rẹ́rìn-ín. Tóbi, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á yọ́ wọlé, á ní, "Mama, bist du böse auf mich?" Ó rò pé inú ló ń bí mi sí òun! Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ yìí máa dàgbà láìmọ̀ pé ìyá òun fẹ́ràn òun.

Mo lo oògùn, ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, kò tó. Ni Mummy wa, ìyàwó Pásítọ̀, bá já lù mí lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, ṣé Nàìjíríà rèé?" Ojú tì mí! Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní, "Ọlọ́run tó ń lo Pásítọ̀ náà ló ń lo dókítà. Ibi tí wọ́n bá ní kó o lọ, lọ o."

Kò pẹ́ sí i, dókítà mi ní àwọn kan ń dán ìtọ́jú tuntun wò ní Berlin. Wọ́n fún mi ní Termin, ọjọ́ tí n máa wá rí wọn. Mo wọ reluwé, mo dé sílé àbúrò ọkọ mi ní Schöneberg, ní Berlin níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Wọ́n á tì yín wọ inú ẹ̀rọ kan tó rí bíi páìpù ńlá, á máa ya àwòrán ọpọlọ yín bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ ó máa wo ọ̀pá pupa kan lójú screen. Tí ibi tí ayọ̀ ń gbà nínú ọpọlọ bá ṣiṣẹ́, ọ̀pá yẹn á gòkè. Iṣẹ́ tiyín ni pé kẹ́ ẹ wá èrò tó máa gbé e sókè.

Mo ní ha, èyí rọrùn! Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà ogun. "Ẹ̀mí ìbànújẹ́, jáde! Fáyà!" Mò ń mi orí bí a ṣe ń ṣe ní vigil, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Kíá, wọ́n fà mí jáde. Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ ní gbogbo àwòrán ti bàjẹ́, pé orí ò gbọ́dọ̀ mì rárá. Ó wá rọra bi mí pé ta ni mò ń bá jà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ọ̀pọ̀ yín ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Mo padà wọlé, mò ń fi inú jagun. Mo de ọ̀tá ilé bàbá mi, mo de ti ilé ọkọ. Ńṣe ni ọ̀pá ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo ní, "Jésù, n ò lágbára ìjà mọ́." Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìgbà tí mo máa ń dirun fún Tóbi, tó máa ń sùn lọ lórí orúnkún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ nítorí ọmọ yẹn. Ọ̀pá gòkè! Halelúyà!

Kì í ṣe ọjọ́ kan o. Mo lọ, mo bọ̀, títí mo fi lè ṣe é nílé láìsí ẹ̀rọ. Mo ṣì ń lo oògùn mi, kẹ́nikẹ́ni má lọ sọ pé Ìyá Tóbi ní kí wọ́n da oògùn nù.

Sátidé tó kọjá, Tóbi da mílíìkì sílẹ̀ ní kíṣìnnì, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá ẹ̀ nù ún. Ẹ̀rín pa mí débi tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ló bá bú sẹ́kún. Mo fà á mọ́ra, mo sọ fún un pé mo fẹ́ràn ẹ̀, pé mi ò fìgbà kankan bínú sí i.

Ó ní, "Weiß ich doch, Mama." Ó ní òun mọ̀!

Ẹ dìde, ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó dá mi padà fún ọmọ mi!