Ìwé Tí Màmá Mi Tẹ̀ka Sí

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ogun abẹ́lé parí, ni bàbá mi ṣubú lulẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ní Igbódìgò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé wọn dìde. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin, nítorí ọpẹ́ yìí korò lẹ́nu mi, ojú sì ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí màmá mi bí, tí ẹ gbàdúrà fún kí n tó wọ yunifásítì. Àyà ti ń dun bàbá mi tipẹ́, wọ́n sì fẹ́ kọ ìwé ìpíngún, kí ilé tí àwọn àti màmá mi jọ kọ́ lè di ti màmá mi. Nílé tiwa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Bí ọkọ bá kú, àbúrò rẹ̀ ni yóò gba kọ́kọ́rọ́.

Mo ní kí a lọ bá lọ́yà ní Òkìtìpupa. Bàbá mi kọ̀.

"Lọ́yà wo ló mọ̀ mí? Ṣé ó mọ ẹni tó bá mi ru amọ̀ ilé yìí?"

Akọ̀wé ìjọ wa ni wọ́n fẹ́ kó kọ ọ́, níṣojú ẹbí. Mo gbà, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má wí pé ìwé ti gùn mí.

Nínú ẹbí wa, ẹni tí a bá fún ní nǹkan gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án lójú gbogbo ènìyàn. Bí ilẹ̀ ni, ìwọ fúnra rẹ ni yóò bu erùpẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé kọ ọ́ tán, bàbá mi ní kí màmá mi tẹ̀ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí àbúrò wọn ṣe ẹnì kejì. Àbúrò bàbá mi dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fọwọ́ sí ikú yín o." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yunifásítì, ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ nìyẹn, kí o máa bi bàbá rẹ léèrè ogún?"

Màmá mi ń yan púpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, lórí iná. Wọ́n nu ọwọ́ wọn. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ṣebí ojú yín kì í kúrò lára òrùlé wa."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó bínú jáde. Màmá mi tẹ̀ka, akọ̀wé fọwọ́ sí i ṣe ẹnì kejì. Bàbá mi gba ìwé náà láti lọ fi sínú àpótí, wọn ò sì dé ìdí àpótí.

Ẹnu wọn wọ́, ohùn wọn lọ. Ẹ̀yin ará wá, ẹ gbààwẹ̀, ẹ fi omi àdúrà wẹ̀ wọ́n. Bí mo ti ń ké sí Ọlọ́run, mo ń bi ara mi bóyá nítorí bàbá mi ni tàbí nítorí ilé. Títí di òní n kò mọ̀, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, kí orin tó parí, bàbá mi pe orúkọ màmá mi. Halelúyà!

Mo wá mú ìwé náà lọ fún lọ́yà kó bá wa tọ́jú rẹ̀.

"Ta ni wọ́n fún ní ilé?"

"Màmá mi, sà."

"Ìka ta nìyí?"

"Màmá mi."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé ìpíngún kò lè gba ohun tó wà nínú rẹ̀. Ká ní bàbá yín kú lọ́jọ́ yẹn, ìka màmá yín gan-an ni ì bá lé wọn jáde."

Mo sunkún délé. Ẹ rí i bí Ọlọ́run ti yọ wá! Kò jẹ́ kí bàbá mi kú lórí ìwé yẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí a kọ òmíràn, bàbá mi yọ ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi. "Ìwé yẹn ló gbé mi ṣubú. Ọlọ́run dá mi sí, o tún fẹ́ kọ ikú mi?" Àbúrò wọn, tí kò bá wa gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan, ń wá ní àràárọ̀ báyìí. "Ẹni tí Ọlọ́run wò sàn, kí ló fẹ́ fi ìwé ìpíngún ṣe?" Àwọn kan nínú yín náà ti sọ fún mi pé n kò nígbàgbọ́. Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò bàbá mi bi màmá mi bóyá yàrá iwájú lè gba bẹ́ẹ̀dì méjì. Màmá mi ń bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń wo àtàǹpàkò wọn.

Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó, nítorí bàbá mi ló jókòó síwájú yẹn, tí àbúrò wọn di apá wọn mú. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó padà sí àyè mi: báwo ni mo ṣe máa sọ fún ẹni tí Ọlọ́run gbé dìde, tí gbogbo wa ń patẹ́wọ́ fún, pé ó ṣì ń bọ̀ wá kú? Bí wọ́n bá sì gbà, ìwé tuntun ń fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní gba nǹkan kan níbẹ̀. Ta ni nínú yín tí yóò bá mi dìde?