Iná Pupa Tó Tàn Lọ́nà Ìjan

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ilé yìí láàárọ̀ yìí, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi gbé e ga.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin lọ síbi ìkórè ní Ìjan lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Òkè-Ìlá la ti gbéra. Ìyá ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, orin ló gba ẹnu wọn. A ń gun òkè kan lọ nígbà tí iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ní àmì ìyanu nínú òbìrípo.

Ọkọ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n yìn ín lójú ara rẹ̀. Kí ó tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó fi sùúrù ṣàlàyé gbogbo iná wọ̀nyẹn fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ABD. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, kò séwu. Bó bá jẹ́ yẹ́lò, má fi falẹ̀, gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Bó bá jẹ́ pupa, wá ibi tó dára kí o dúró.

Mo wo háńbíréèkì bóyá òun ló tan iná náà, mo ti sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní, "Màámi, bíréèkì ni mọ́tò yìí ń kìlọ̀ rẹ̀ o."

Àdúrà kì í jìnnà sí ẹnu Màámi. Wọ́n gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n ní, "Uná ọ̀tá, kú lórúkọ Jésù!" Àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe àmín. Iná náà sì kú lóòótọ́. Halelúyà sọ nínú ọkọ̀. Màámi ní, "Ó ti parí, ìyàwó wa. Máa wà á lọ, ká má pẹ́ dé ibi ìkórè."

Ọkàn mi dàrú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àwọn ìyá pé iṣẹ́ ìyanu yẹn kò dá mi lójú? Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti sọ fún mi pé bí òróró bíréèkì bá lọ sílẹ̀, iná yẹn lè tàn lórí òkè, kó sì kú níbi títẹ́jú, torí pé òróró náà ń mì síwá sẹ́yìn. Ibi títẹ́jú la sì ti dé nígbà tí iná náà kú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá ló kù níwájú, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi, mo fẹ́ dúró." Wọ́n wò mí bí aláìgbàgbọ́. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi rì dé ilẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń lọ. Háńbíréèkì ni mo rọra fà títí a fi dúró sínú koríko. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, òróró ti ṣàn bo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn.

Màámi wo òróró, wọ́n wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Àgbà mìíràn ì bá wá nǹkan fi gbèjà ara rẹ̀. Màámi kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì pẹ̀lú aṣọ ìkórè lọ́rùn, wọ́n ní, "Olúwa, o ti dá mi lóhùn kí n tó lanu. Uná yẹn ni ìdáhùn rẹ, èmi ni mo ní kó kú."

Màámi fúnra wọn ló ní kí n má fi apá tiwọn pamọ́ bí mo bá ń jẹ́rìí. Mo fẹ́ràn ìyá yìí gan-an. Gbogbo wa tó jáde nílé la padà wálé. Ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀, ẹ bá wa fi ògo fún Ọlọ́run tó tètè dáhùn.