Èèrà Ni Mo Fi Ṣe Àyẹ̀wò Ara Mi

Àpá kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì mi. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá tí ọwọ́ mi kàn án, ojú ara mi a máa tì mí. Ẹ bá mi jókòó, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí n sọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà.

Lẹ́yìn tí mo bí Àfúsá, òùngbẹ kò jẹ́ kí n gbádùn, gbogbo ìgbà ni mo sì ń tọ̀. Èèrà wá ń ṣù bo ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa níbi tí mo ń tọ̀ sí. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó ní àtọ̀gbẹ ni, pé ṣúgà inú ìtọ̀ mi ló ń pe èèrà. Ó fún mi ní oògùn ojoojúmọ́, ó ní kí n dín ẹ̀bà kù, kí n fi ẹ̀fọ́ kún un, kí n sì máa padà wá fún àyẹ̀wò. Ẹ̀rù bà mí. Ta ni yóò tọ́ ọmọ mi bí mo bá kú? Mo lo oògùn náà dáadáa, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mo ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn balùwẹ̀. Nígbà tó tó bí oṣù kan, n kò rí èèrà kan ṣoṣo. Mo ní Alihamudulilahi, ó ti tán. Mo ki oògùn bọ abẹ́ ìró nínú àpótí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ti kọ́ ìwé ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà, tí mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn, èèrà ni mo gbà gbọ́!

Kùkùté ẹ̀gẹ́ gún mi lẹ́sẹ̀ lóko. Kò dùn mí, inú mi tilẹ̀ dùn pé kò dùn mí. Àṣé ẹsẹ̀ náà ti ń kú lọ ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, egbò ń rùn. Ìyá ọkọ mi ló gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fa ẹsẹ̀ mi lé itan wọn.

"Ìyàwó, ṣé o ń lo oògùn rẹ?"

"Mo ti fi sílẹ̀, Ìyá. Èèrà ò wá mọ́."

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Èèrà ò wá mọ́ kẹ̀? Kẹrosíìnì mi ló ń lé wọn. Kí o tó jí ni mo ti ń dà á síbẹ̀, kí àwọn obìnrin agboolé yìí má baà fi ọ́ ṣẹ̀sín."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìfẹ́ ni Ìyá fi ṣe é, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀kadà ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá Àfúsá, bí èèrà ò tilẹ̀ wá rárá, ṣúgà lè kún inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ká bi."

Ìyá na ìka tiwọn náà. "Gún èmi náà, ọmọ mi, kí n má baà lọ máa da kẹrosíìnì fún ara mi."

Ó pẹ́ kí egbò náà tó jiná, ṣùgbọ́n ó jiná. Ní báyìí, kí n tó lọ sóko, Ìyá á yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò, wọn á dúró tì mí títí n ó fi lo oògùn. Ọkàn mi balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà mi ṣì ń já nígbà mìíràn.

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, ẹ má fi oògùn sílẹ̀ láìbi ẹni tó fún yín, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni bo àìsàn mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀sín. Láàárọ̀ yìí, èèrà méjì ń kọjá lọ lẹ́yìn balùwẹ̀. Mo gbé oògùn mi mì, mo jẹ́ kí wọ́n máa lọ.